Ohun Ìṣeré Àlòkù Di Ohun Èlò Ilé: Ta Ni Yóò Jẹ Èrè Rẹ̀?

Ẹni tí ó bá dàgbà ní ilẹ̀ Yorùbá ṣáájú ọdún 1990 yóò rántí mọ́tò alágolo. Agolo sadíìnì ni ara ọkọ̀ náà, ìdérí ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò ni ẹsẹ̀ rẹ̀, wáyà tàbí ẹyọ ìgbálẹ̀ kan ni ó so ẹsẹ̀ méjèèjì pọ̀, okùn gígùn ni ọmọ sì fi ń wọ́ ọ kiri àdúgbò. Kò sí òbí tí ó ná kọ́bọ̀ lé e lórí. Ohun tí ìyá ti jù sí ààtàn lẹ́yìn tí wọ́n jẹ ẹja inú rẹ̀ tán ni ọmọ ṣà padà, tí ó sì sọ di ọkọ̀ akẹ́rù. Nígbà náà, pàǹtí ilé ni ó ń di ohun ìṣeré. Lóde òní ọ̀rọ̀ ti yí padà: ohun ìṣeré ni ó ń di pàǹtí, àwọn kan sì ti ń ṣa pàǹtí náà padà láti fi ṣe ohun èlò inú ilé.

Iṣẹ́ náà kò ṣòro láti ṣàlàyé. Ènìyàn á kó àwọn mọ́tò kéékèèké tí ẹsẹ̀ wọn ti yọ jọ, àti àwọn ẹranko oníke, àti ọmọláńgidi tí kò ní apá mọ́, àti búlọ́ọ̀kù oníke tí ọmọdé fi ń kọ́lé. Á fi gọ́ọ̀mù tàbí ìṣó dè wọ́n mọ́ igi, irin tàbí dígí. Á wá fi ọ̀dà aláwọ̀ kan ṣoṣo kùn ún láti òkè délẹ̀. Ohun tí yóò jáde lè jẹ́ férémù dígí, ẹsẹ̀ àtùpà, ìkọ́ aṣọ tí ó jẹ́ ìrù ẹranko, tàbí àga ìjókòó. Ọ̀dà aláwọ̀ kan yẹn ni àṣírí iṣẹ́ náà, nítorí bí àwọ̀ bá ti di ọ̀kan, ojú kì í tètè rí i pé pàǹtí ni. Àwòrán irú ohun bẹ́ẹ̀ ń kiri lórí fóònù, bí ọmọ Yorùbá bá sì rí i, ẹ̀rín ni ó kọ́kọ́ máa ń rín. Wọ́n á ní òyìnbó tún ti dé. Ẹ̀rín náà kò burú. Ẹni tí ó gbé fìlà kọ́ ìrù dáínósọ̀ lára ògiri mọ̀ pé òun ń dápàárá ni. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ẹ̀rín, ọ̀rọ̀ owó wà nílẹ̀, ọ̀rọ̀ ìlera sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú.

Ní ìlú São Paulo, lórílẹ̀-èdè Brazil, ni àwọn tẹ̀gbọ́n-tàbúrò kan, Humberto àti Fernando Campana, ti gbé irú iṣẹ́ yìí dé ibi tí ẹnikẹ́ni kò lérò. Ìmọ̀ òfin ni Humberto kọ́kọ́ kọ́. Iṣẹ́ ayàwòrán-ilé ni Fernando kọ́. Ní 1991 wọ́n kan àga kan láti inú àjákù pákó, wọ́n sì sọ ọ́ ní Favela, orúkọ tí wọ́n ń pe àdúgbò àwọn tálákà níbẹ̀. Ní 2002 wọ́n gbé àga tí wọ́n pè ní Banquete jáde. Irin ni egungun rẹ̀, àmọ́ dípò tìmùtìmù, ọ̀pọ̀ ẹranko aláṣọ tí ọmọdé fi ń ṣeré ni wọ́n rán pọ̀ lé e lórí, ọ̀kan ń gun òmíràn, títí tí ẹni tí ó bá jókòó yóò fi dà bí ẹni tí agbo ẹran gbé mì. Ẹ̀dà kan wà tí ó jẹ́ kìkì panda. (Yorùbá tí ó bá gbọ́ “àga panda” lè kọ́kọ́ bi bóyá ayédèrú ni, ṣùgbọ́n ẹranko dúdú-funfun ilẹ̀ Ṣáínà ni wọ́n ń wí.) Ìwọ̀nba díẹ̀ ni wọ́n ṣe nínú wọn, àwọn olówó tí ń kó iṣẹ́ ọnà jọ sì ni ó ń rà wọ́n. Fernando kú ní oṣù Kọkànlá ọdún 2022, àmọ́ àwọn àga náà ṣì ń lọ nílé gbàǹjo ní iye tí ó tó kọ́ ilé ní Ìbàdàn.

Àga wọn mìíràn ni ó yẹ kí ènìyàn fi ọkàn sí jù, èyí tí wọ́n pè ní Multidão, ìyẹn ni ọ̀pọ̀ èrò. Ọmọláńgidi aláṣọ ni wọ́n tò sí ara rẹ̀, irú èyí tí àwọn obìnrin ìpínlẹ̀ Paraíba, ní apá àríwá-ìlà-oòrùn Brazil, máa ń fi ọwọ́ rán. Àga Campana ni gbogbo ayé ń pè é. Kò sí ẹni tí ń fi orúkọ àwọn tí ó rán ọmọláńgidi pè é. Èyí kì í ṣe ẹ̀sùn sí àwọn Campana, tí wọ́n gbé iṣẹ́ ọwọ́ àwọn ará abúlé lọ sí ibi tí kò lè dá dé. Bẹ́ẹ̀ ni ọjà iṣẹ́ ọnà ṣe rí ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ irú iṣẹ́ yìí ní Èkó tàbí Òṣogbo ní láti mọ̀ ọ́n kí ó tó bẹ̀rẹ̀.

Kì í sì í ṣe pé àtúnlò jẹ́ ohun àjèjì nílé. Bàtà táyà wà kí ọ̀pọ̀ ẹni tí ń sọ̀rọ̀ àtúnlò lónìí tó dáyé, àtùpà alágolo náà sì wà. Romuald Hazoumè, ọmọ Àjàṣẹ́ ní ilẹ̀ Benin, ti ń sọ kẹ́ẹ̀gì epo bẹntiróòlù di ojú egúngún láti àwọn ọdún 1980. Iṣẹ́ rẹ̀ tí ó gbajúmọ̀ jù, La Bouche du Roi, ní ojú 304 tí a fi kẹ́ẹ̀gì ṣe, tí wọ́n tò bí ènìyàn nínú ọkọ̀ ojú omi tí ń kó ẹrú. British Museum ní ìlú London rà á, wọ́n sì pàtẹ rẹ̀ ní 2007, nígbà tí ó pé 200 ọdún tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi òfin de òwò ẹrú. Ní Ilé-Ifẹ̀, Dọ́tun Pópóọlá ń jó irin àlòkù pọ̀ di ère ẹranko. Ní Ìbàdàn, ilé-iṣẹ́ FREEE Recycle ń lọ táyà tí ó ti jẹ di bíríkì ìtẹ́lẹ̀. Ohun tí ó jẹ́ tuntun nínú ọ̀rọ̀ yìí ni pé ohun ìṣeré wá pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí àlòkù rẹ̀ fi di ìṣòro.

Nígbà tí ọmọláńgidi jẹ́ igi, bí ọmọ bá jù ú sí ẹ̀yìnkùlé, ikán á jẹ ẹ́. Ikán kì í jẹ ike. Àwọn ohun ìṣeré olówó pọ́ọ́kú ń ti ilẹ̀ Ṣáínà wọlé nínú kọ̀ǹténà, tòkunbọ̀ sì ń bá bélì aṣọ òkìrìkà wọlé láti Yúróòpù àti Amẹ́ríkà. Ẹni tí ó bá dé Katangowa ní Èkó yóò rí mọ́tò, tẹ́dì àti bọ́ọ̀lù nínú ohun tí wọ́n tú sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ wọn kì í pẹ́ lọ́wọ́ ọmọ. Lẹ́yìn náà, gọ́tà ni. Ní 1997, ìgbì òkun gbá àwọn kọ̀ǹténà dànù lórí ọkọ̀ ojú omi Tokio Express nítòsí Cornwall ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀kan nínú wọn kún fún búlọ́ọ̀kù Lego tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mílíọ̀nù márùn-ún ẹyọ, àwọn ará etíkun sì ṣì ń ṣa wọ́n nínú iyanrìn lẹ́yìn ogún ọdún. Ní 2020, àwọn onímọ̀ Yunifásítì Plymouth gbé ìwádìí jáde pé ẹyọ Lego kan lè wà nínú òkun fún 100 sí 1,300 ọdún. Kí ẹni tí ó bá ju búlọ́ọ̀kù sí gọ́tà ní Mushin ro iye ìran tí yóò bá a níbẹ̀. Nígbà tí Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó fi òfin de ike fóòmù tí wọ́n fi ń bu oúnjẹ ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2024, ọ̀rọ̀ gọ́tà tí ó dí wà lára ìdí rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ohun ìṣeré kò sí nínú òfin náà.

Fún ìdí èyí, ẹni tí ó bá sọ mọ́tò oníke ogójì di férémù dígí ti ṣe iṣẹ́ rere. Mọ́tò ogójì náà kò ní dé inú ọ̀sà. Síbẹ̀, ibì kan wà tí ọ̀pọ̀ àwọn tí ń gbé iṣẹ́ yìí lárugẹ ti ń ṣì í. Wọ́n ń wo àwòrán tí ó wá láti ilé àwọn tí yàrá ọmọ wọn kún dé òrùlé, níbi tí ohun ìṣeré ti ń di àlòkù kí ó tó bàjẹ́, nítorí pé ọmọ ti dàgbà kọjá rẹ̀ ni. Ní ilẹ̀ Yorùbá, ohun ìṣeré kì í gbó sí ilé kan ṣoṣo. Ẹ̀gbọ́n á fi fún àbúrò, àbúrò á lò ó tán, ìyá wọn á dì í sínú báàgì nígbà ọdún fún àwọn ọmọ tí ó wà nílé, ẹnì kan níbẹ̀ á sì tún fi ìdè so ẹsẹ̀ tí ó yọ. Àwọn tí ń tún rédíò ṣe lè jí mọ́tò oníbátìrì tí ó ti kú, ní iye tí kò tó owó oúnjẹ ọ̀sán. Ohun tí ọmọ kan ṣì lè fi ṣeré kò yẹ kí ó di ẹsẹ̀ àtùpà. Èyí tí ó ti fọ́ kọjá àtúnṣe ni ti káfíńtà. Ẹni tí ó bá wá lọ sí ọjà lọ ra ohun ìṣeré tuntun láti kàn án mọ́ ògiri kí ilé rẹ̀ lè dà bí ilé inú fóònù, ìyẹn kò ṣe àtúnlò kankan. Pàǹtí ni ó fi owó rà.

Ìlera ni èyí tí ó léwu jù, àwọn fídíò tí ń kọ́ni ní iṣẹ́ yìí kì í sì í sábà mẹ́nu bà á. Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2018, àwọn onímọ̀ Plymouth kan náà sọ ohun tí wọ́n rí nígbà tí wọ́n yẹ ohun ìṣeré oníke àlòkù 200 wò ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nínú ilé àwọn ènìyàn, ilé-ẹ̀kọ́ jẹ́lé-ó-sinmi àti ìsọ̀ àlòkù. Wọ́n rí òjé, kádímíọ̀mù àti àwọn èròjà olóró mìíràn nínú ọ̀pọ̀ wọn, pàápàá nínú àwọn oníke pupa, yẹ́lò àti dúdú. Ohun tí wọ́n ṣe kí òfin tó le ni púpọ̀ nínú wọn. Ẹni tí ó bá rò pé òjé kì í ṣe ohun tí a ń bẹ̀rù, kí ó rántí Ìpínlẹ̀ Zamfara ní 2010, níbi tí òjé inú erùpẹ̀ ìwakùsà góòlù ti pa ọmọdé tí ó ju 400 lọ. Dájúdájú, mọ́tò ìṣeré kan kò tó erùpẹ̀ Zamfara. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọmọ ń fi mọ́tò náà ṣeré, òjé tí ó wà nínú ọ̀dà rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ara rẹ̀. Nígbà tí ọmọ-iṣẹ́ bá fi pépà ìhó igi gbo ó, kí ọ̀dà tuntun lè mú un, òjé náà di ekuru, ọmọ-iṣẹ́ á fà á símú, á sì gbé e lọ sílé lára aṣọ.

Kí wọ́n fi omi rin ín kí wọ́n tó gbo ó. Kí ọmọ-iṣẹ́ bo imú. Kí aláboyún àti ọmọdé má sí nítòsí. Kí ẹnikẹ́ni má fi irú ike bẹ́ẹ̀ ṣe àwo èso tàbí ohun tí oúnjẹ máa kàn. Èyí tí ó bá sì kù lẹ́yìn iṣẹ́, àjákù ọwọ́ àti ẹsẹ̀, kí wọ́n má dáná sun ún ní ẹ̀yìn ìsọ̀ bí ó ti jẹ́ àṣà, nítorí èéfín ọmọláńgidi oníke léwu fún ìlera. Káfíńtà tí ó mọ èyí tí ó sì ń ṣe é ní ẹ̀tọ́ láti gba owó tí ó pọ̀ ju ti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ.

Ọ̀rọ̀ ọmọláńgidi ní tirẹ̀ tún yàtọ̀. Àtùpà tí wọ́n fi orí ọmọláńgidi ogún ṣe lè pa ará London lẹ́rìn-ín. Bí ìyá àgbà láti Ìgbómìnà bá wọ inú yàrá tí ó sì rí i, kò ní jókòó. Àwọn ọ̀dọ́ á ní ẹ̀rù lásán ni, pé ike ni. Ẹ̀rù kọ́. Ìran tí ó bí ìbejì jù lágbàáyé ni ìran tí ó gbẹ́ ère fún ọ̀kan tí ó bá kú nínú wọn, tí ìyá ń wẹ̀ ẹ́, tí ó ń fi osùn pa á lára, tí ó ń fún un ní oúnjẹ nígbà tí èkejì bá ń jẹun. Nígbà tí ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí gbilẹ̀, tí agbẹ́gilére sì ń dín kù, àwọn ìdílé kan kò dá àṣà náà dúró. Ọmọláńgidi oníke tí wọ́n ń tà lọ́jà ni wọ́n rà dípò ère. Marilyn Houlberg, onímọ̀ ará Amẹ́ríkà tí ó ṣe ìwádìí ìbejì nílẹ̀ yìí, rí wọn, ó sì kọ nípa wọn ní àwọn ọdún 1970. Ike kan náà tí ọmọ aládùúgbò fi ń ṣeré ni ìyá kan pọ̀n sẹ́yìn nítorí ọmọ tí ó lọ. Kò pọn dandan kí ènìyàn gba ohun tí ìyá yẹn gbà gbọ́ kí ó tó mọ̀ pé kò dára láti gé orí irú nǹkan bẹ́ẹ̀, kí ó sì ki gílóòbù bọ̀ ọ́ lọ́rùn. Mọ́tò, búlọ́ọ̀kù àti ẹranko tó láti fi ṣe gbogbo ẹ̀fẹ̀ tí ilé kan nílò.

Ní ti owó, ìrètí wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ìfura pẹ̀lú. Àga àti tábìlì tí ó ti òkè òkun dé, tí wọ́n fi ìyẹ̀ igi lẹ̀ pọ̀, tí omi bá kàn á tí ó ń wú bí fùfú, ti gba ọjà lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ káfíńtà. Káfíńtà kò lè bá ilé-iṣẹ́ ńlá du iye owó. Ohun tí ó lè ṣe ni kí ó kan ohun tí ilé-iṣẹ́ ńlá kò lè kàn lẹ́ẹ̀mejì, èyí tí ó jẹ́ pé ohun ìṣeré ọmọ oníbàárà fúnra rẹ̀ ni ó wà lára rẹ̀. Oníbàárà tí ó gbé àpò mọ́tò ọmọ rẹ̀ tí ó ti lọ sí Yunifásítì wá kò ní ná ọjà náà bí ẹni ń ná àga lásán. Ṣùgbọ́n tí káfíńtà bá ní kí wọ́n máa ṣa ohun ìṣeré wá láti Olúsósùn ńkọ́? Ìwọ̀n kílò ni wọ́n fi ń ra ike lọ́wọ́ àwọn tí ń ṣa pàǹtí níbẹ̀, ohun ìṣeré oníke kò sì wúwo. Bí àtùpà kan bá ta 40,000 náírà, tí ẹni tí ó ti inú ẹrẹ̀ ṣa ohun ara rẹ̀ kò rí ju owó omi tútù lọ, ọ̀rọ̀ àwọn aránlángidi Paraíba ni ó tún ṣẹlẹ̀, wọ́n kàn gbé e wá sí Ojota ni. Ẹyọ ẹyọ ni kí wọ́n fi rà á, kí iye rẹ̀ sì wà nínú ìṣirò àtùpà láti ìbẹ̀rẹ̀.

Kí àwọn àjọ tí ń fi owó ìrànwọ́ kọ́ ọ̀dọ́ níṣẹ́ sì jọ̀wọ́ ṣọ́ra. Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọjọ́ méjì, fìlà, ìwé-ẹ̀rí àti fọ́tò pẹ̀lú olóyè kò lè sọ ẹnikẹ́ni di káfíńtà. Àga tí a fi ohun ìṣeré ṣe ṣì jẹ́ àga. Ó gbọ́dọ̀ gbé ẹni tí ó wọ agbádá, kí ó má sì fa agbádá náà ya. Àtùpà tí a fi ike ṣe ṣì jẹ́ iná mànàmáná. Gílóòbù àtijọ́ tí ń gbóná yóò yọ́ ike tí ó wà nítòsí rẹ̀, ó sì lè jó ilé; irú LED tí kì í fi bẹ́ẹ̀ gbóná ni ó yẹ é, pẹ̀lú wáyà tí kì í ṣe èyí tí wọ́n ń tà lórí bàrò. Àwọn nǹkan wọ̀nyí kì í hàn nínú fọ́tò.

Ẹnì kan ṣì kù tí wọn kì í bi léèrè nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí. Ọmọ ọdún mẹ́fà tí bàbá rẹ̀ fẹ́ kan mọ́tò rẹ̀ mọ́ férémù dígí ní ẹ̀tọ́ láti kọ̀. Lójú àgbà, mọ́tò tí kò ní ẹsẹ̀ mọ́ ti kú. Lójú ọmọ, ó lè jẹ́ pé ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì ni ó wà láti ọjọ́ Sátidé, tí wọn kò tíì tún un ṣe tán. Kí bàbá bi í. Bí ó bá kọ̀, kí ó gbé mọ́tò náà padà sí abẹ́ ibùsùn níbi tí ó ti mú un.